Èwo Ni Ká Kì Sẹ́yìn TV? Fire Stick, Google TV, Xiaomi, Apple Àti Bọ́ksì Olówó Pọ́ọ́kú

Aago mẹ́ta òru ni mo jí, mo fẹ́ lọ mumi, mo wá rí i pé iná orí ráútà wa ń ṣẹ́jú, kò sinmi rárá, bẹ́ẹ̀ a ti pa TV ká tó sùn, kò sẹ́ni tó ń tẹ fóònù, gbogbo ilé ló ti sùn fọnfọn. Mo ní bóyá bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mo padà lọ dùbúlẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, dátà tí mo ní kó gbé wa dé ìparí oṣù ti tán. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ̀, wọ́n pariwo láti pálọ̀: "Fíìmù mi ò lọ mọ́ o, ó kàn ń yí po lójú kan!" Mo fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ, ọmọ kankan ò jẹ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí mo tún ra dátà díẹ̀ sí i, mo dúró ti ráútà, mo ń yọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí mo yọ wáyà bọ́ksì dúdú kékeré tó wà lẹ́yìn TV ni iná yẹn tó fara balẹ̀. Bọ́ksì yìí, irú èyí tí wọ́n ń ki sẹ́yìn TV kó lè gbé YouTube àti Netflix láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ "8K Ultra" gàdàgbà sí i lára, mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kan nígboro torí pé owó ẹ̀ ò tó ìdajì owó Fire Stick tí Amazon ń ṣe fún irú iṣẹ́ yẹn, inú mi sì dùn délé lọ́jọ́ yẹn pé mo gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ mí di ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè kí wọ́n tó sanwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti Pánṣẹ́kẹ́, wọ́n ní "Àbúrò, mẹ́rin ni wọ́n tò síwájú mi báyìí, èwo ni kí n mú? Ọmọ tó ń tajà ti ń wò mí bí ẹni tí ò lówó lápò." Mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo lẹ ń lò nílé?" Wọ́n ní kí ló kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọ̀rọ̀ TV. Òun gan-an ló kàn jù, òun àti iná. Àwọn tó ń dán ẹ̀rọ yìí wò lókè òkun, ibi tí iná kì í lọ tí dátà kì í tán ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń kọ ohun tí wọ́n ń kọ, àwa wà l'Abẹ́òkúta, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó sábẹ́ òkúta, síginà náà sì mọ̀nà abẹ́ òkúta yẹn o, ibẹ̀ ló máa ń sá lọ tí fíìmù bá ti dé ibi tó dùn.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, tí TV yín bá jẹ́ smart TV tó ṣì ń gbé YouTube àti Netflix dáadáa, ẹ fi owó yín ra dátà, ẹ ò nílò nǹkankan. Ẹni tó nílò ẹ̀ ni ẹni tí TV ẹ̀ ní ojú HDMI (ihò tí wọ́n ń ki irú ẹ̀rọ yìí sí) ṣùgbọ́n tí kò lè dá wọ íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ẹni tí smart TV ẹ̀ ti dàgbà tí àwọn áàpù ti ń kọ̀ ọ́. Ó sì máa ń ṣẹlẹ̀, ní December 2019 Netflix kúrò lórí àwọn TV Samsung kan tó jáde ní 2010 àti 2011, TV ò bàjẹ́, àwòrán ẹ̀ ń dán gbinrin, áàpù ló ní òun ò bá a ṣe mọ́. Irú TV bẹ́ẹ̀, stick kékeré kan ló máa sọ ọ́ dọmọdé padà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Dátà ló ṣáájú. Netflix fúnra wọn sọ ọ́ pé fídíò 720p (HD kékeré) fẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń sáré tó 3 Mbps (Mbps ni wọ́n fi ń wọn eré nẹ́tíwọ́ọ̀kì), 1080p (HD kíkún) fẹ́ 5, 4K tó mọ́ ju HD lọ fẹ́ 15. Ìyẹn ti eré sísá o. Ti jíjẹ ńkọ́? Wákàtí kan ní SD, ìyẹn àwòrán tí ò mọ́ tó HD, máa jẹ tó 1GB, HD lè jẹ dé 3GB, 4K lè jẹ dé 7GB. Ẹ wá bá mi ṣírò, tí ilé yín bá ń wo wákàtí méjì lóòjọ́ ní HD, 6GB nìyẹn, lóṣù kan ó ti di 180GB, ta ló ń rà á? Pàápàá láti January 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti gbà káwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá wọ àkáǹtì Netflix yín láti orí fóònù, tẹ́ ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan bí fídíò á ṣe máa jẹ dátà, tẹ́ ẹ yan Medium, á bọ́ sí nǹkan bíi 0.7GB ní wákàtí kan, 180GB yẹn á di 42GB. Lórí TV tí ò ju ínṣì 32 lọ, mo búra fún yín, ìyá mi ò mọ̀ pé mo ti yí nǹkankan.

Ohun kan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ dátà yìí tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ, orúkọ ẹ̀ ni AV1. Fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín, ṣe ni wọ́n ń ká a kó tó lè gba inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, bí àwọn ìyá Ìtòkú ṣe ń ká àdìrẹ tí àpò kan fi ń gba ogún. Oríṣiríṣi ọ̀nà ìká ló wà, AV1 tó jáde ní 2018 wà lára àwọn tó ń ká a kéré jù láìba àwòrán jẹ́, YouTube àti Netflix sì ń lò ó. Àmọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn TV yín gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tú irú ìká bẹ́ẹ̀, tí ò bá mọ̀ ọ́n, ìká àtijọ́ tó sanra ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, ẹ̀yin lẹ máa san owó ẹrù ẹ̀.

Èkejì ni bóyá Netflix àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ mọ ẹ̀rọ náà rí. Ààbò kan wà lára àwọn ẹ̀rọ Android tí wọ́n ń pè ní Widevine, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n jí fíìmù gbé, ẹ̀rọ tó bá ní L1 ni wọ́n ń fún ní HD àti 4K, èyí tó jẹ́ L3 lásán, SD ni wọ́n máa fún un, ìbáà kọ 8K sára, ìbáà kọ 100K. Ìyẹn ni pé ẹ lè ra bọ́ksì "4K", kẹ́ ẹ so ó mọ́ TV 4K, kẹ́ ẹ sanwó Netflix tó wọ́n jù, kó sì jẹ́ àwòrán tó rí bíi fídíò kásẹ́ẹ̀tì lẹ ó máa wò.

Ẹ̀kẹta ni iná. Àwọn stick yìí ò jẹ iná rárá, ṣájà Fire Stick jẹ́ 5V 1A, ìyẹn ò ju wáàtì márùn-ún lọ, powerbank lè gbé e, ínfátà ò ní mọ̀ pé ó wà ńbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì mú un dé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín wákàtí kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò dà bíi díkódà àtijọ́ tó ń tàn wàì. Ẹ má sì ki wáyà ẹ̀ sí ojú USB ara TV. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, ojú USB TV púpọ̀ ò ju 0.5A lọ, stick fẹ́ 1A, ebi á máa pa á, á máa kú á máa jí láàárín fíìmù, wọ́n á wá ní stick ò dáa. Ẹ lo ṣájà tí wọ́n fi sínú páálí ẹ̀.

Ìyókù ni RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí, tó bá kéré á máa falẹ̀) àti àyè inú ẹ̀ tí áàpù ń wà, bóyá ẹ lè ki fáláàṣì sí i tí dátà bá tán, àti rimóòtù, torí ẹni tó máa lò ó jù nílé kì í ṣe ẹni tó rà á.

Fire TV Stick

Èyí ni mo mọ̀ jù, òun ló wà lẹ́yìn TV wa báyìí. Amazon ló ń ṣe é láti 2014, ó sì ti pọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá ní "Fire Stick" nìkan, ọlọ́jà lè gbé ti ọdún méje sẹ́yìn fún yín. Àwọn tẹ́ ẹ ó rí jù ni Fire TV Stick HD tó jáde ní 2024, tó ní RAM 1GB àti àyè 8GB, Fire TV Stick 4K ti 2023 tó ní 2GB àti 8GB, àti 4K Max ti 2023 tó ní 2GB àti 16GB. L'Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n jáde, $35 ni HD, $50 ni 4K, $60 ni 4K Max, tọ́ọ̀rọ́ ló kù. Níbí, dọ́là ló ń pinnu, ẹ fi dọ́là ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ rà sọ ọ́ di náírà, kẹ́ ẹ fi èrè ọlọ́jà àti owó ọkọ̀ kún un, tó bá wá kéré ju ìyẹn lọ fíìfíì, ẹ bi ara yín ní ìdí ẹ̀.

Láàárín HD àti 4K, ẹ gbọ́ mi dáadáa, 4K ni kẹ́ ẹ rà kódà tí TV yín ò bá jẹ́ 4K. Mo mọ̀ pé ó dà bí ẹni pé mo fẹ́ ná yín lówó. Kì í ṣe nítorí àwòrán 4K, ẹ ò ní rí ìyẹn, nítorí RAM ni, 2GB yàtọ̀ sí 1GB bí Kútọ̀ ṣe yàtọ̀ lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ Sunday. HD á máa rò ó wò kó tó ṣí YouTube, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, nǹkankan ò ní ṣẹlẹ̀, ẹ ó tún tẹ̀, ó wá ṣe méjèèjì pọ̀, ẹ bọ́ síbi tẹ́ ẹ ò fẹ́. Ti 4K náà ló ní AV1, ti HD ò ní in. Nítorí náà, èyí tó wọ́n yẹn ló ń dín dátà kù.

Ohun tó jẹ́ kí n yàn án fún ìyá mi gan-an ni ibi kan tí wọ́n ń pè ní Data Monitoring, inú Settings ni, lábẹ́ Preferences. Ẹ lè yan bí àwòrán fídíò á ṣe ga tó níbẹ̀, ẹ sì lè fún un ní iye dátà tó bá dé, á kìlọ̀ fún yín. Èmi fi sí "Good" tó kéré jù, TV ò sunkún.

Ibi tó ti bí mi nínú ni ojú ìwé àkọ́kọ́ ẹ̀, ìpolówó ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò wà nísàlẹ̀, ohun tí Amazon fẹ́ kẹ́ ẹ wò wà lókè. Play Store ò sí níbẹ̀, ọjà Amazon ni, àwọn áàpù ilé wa kan ò sí níbẹ̀. Èyí tún kàn yín o: ní ìparí 2025 wọ́n gbé ọ̀kan jáde tó ń jẹ́ Fire TV Stick 4K Select, $40, kì í ṣe Android ló wà nínú ẹ̀, Vega OS tí Amazon fúnra wọn ṣe ni, RAM ẹ̀ sì padà sí 1GB. Àwọn tó máa ń gbé áàpù láti ìta wọlé, ọ̀nà ti dí lórí ìyẹn. Ẹ ka páálí dáadáa, 4K nìkan àti 4K Select kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́ nídìí ẹ̀ á rántí ìjà Amazon àti Google, nígbà tí 2017 ń parí lọ tí 2018 ń wọlé ni Google yọ YouTube kúrò lórí Fire TV, July 2019 ló tó padà. Wọ́n ti parí ìjà, YouTube ń lọ geerege. Mo kàn ń sọ ọ́ ni torí pé nílé wa, tí wọ́n bá tún jà lọ́la, Fire Stick ti di pákó lásán. Fíìmù Yorùbá, orí YouTube ni púpọ̀ ẹ̀ ń kọ́kọ́ jáde sí báyìí, Netflix dà bí aṣọ ìnáwó, YouTube ni aṣọ ilé.

Rimóòtù ẹ̀ kéré, bọ́tìnnì ẹ̀ ò pọ̀, àgbàlagbà lè mọ̀ ọ́n lò lọ́jọ́ kan. Máìkì orí ẹ̀ ńkọ́? Ìyá mi tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e súnmọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n ní "fíìmù Yorùbá tuntun," TV kọ "film your bar tonto." Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní "Ṣé èmi ló ń bú?" Láti ìgbà yẹn mo ti fi sẹ́lótéépù bo bọ́tìnnì yẹn.

Chromecast àti Google TV Streamer

Chromecast àkọ́kọ́ jáde ní 2013, $35, kò ní rimóòtù, fóònù lẹ fi ń darí ẹ̀. Wọ́n ṣe èyí tó ní rimóòtù ní 2020, ìyẹn Chromecast with Google TV, 4K ni, $50, wọ́n tún ṣe HD ní 2022, $30. August 2024 ni Google kéde pé àwọn ò ṣe Chromecast mọ́, Google TV Streamer ló gba ipò ẹ̀, $100, RAM 4GB, àyè 32GB, ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà lẹ́yìn ẹ̀.

Play Store gidi ló wà nínú àwọn yìí, ohun tí wọ́n fi borí Fire Stick lójú tèmi nìyẹn, ọ̀pọ̀ áàpù tẹ́ ẹ mọ̀ lórí fóònù Android ló ní ti TV níbẹ̀. YouTube ẹ̀ náà dùn, ọmọ bàbá kan náà ṣáà ni wọ́n. Ẹ lè fi fóònù ju fídíò sórí TV, àwọn ọmọ fẹ́ràn ìyẹn.

Chromecast tó kù lórí káńtà lẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún. Àyè inú 4K ti 2020, 8GB ni wọ́n kọ, nǹkan tó ṣẹ́ kù fún yín ò ju 4GB àti díẹ̀ lọ, ẹ fi áàpù mẹ́jọ, mẹ́sàn-án sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé òun ti yó. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé 4K ti 2020 yẹn ò mọ AV1, HD ti 2022 tó rẹlẹ̀ sí i ló mọ̀ ọ́n, àbúrò gbọ́n ju ẹ̀gbọ́n lọ. Tí TV yín bá jẹ́ HD tẹ́ ẹ sì rí HD yẹn tí ò tíì ṣí páálí, kò burú o, RAM ẹ̀ jẹ́ 1.5GB.

Ti àtijọ́ pátápátá, èyí tó rí roboto tó so rọ̀ lórí wáyà, ẹ má rà á mọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́. March 2025, gbogbo Chromecast ìran kejì kàn dẹ́kun iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo káàkiri ayé, ìwé àṣẹ ọdún mẹ́wàá tó wà nínú wọn ló parí, kò sẹ́ni tó rántí tún un ṣe. Google padà yanjú ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ẹ ti rí i bí nǹkan ṣe ń lọ fún ẹ̀rọ tí ẹni tó bí i ti gbàgbé.

Streamer ọ̀hún ńkọ́? Ó dáa, ká má parọ́, ó sáré, 32GB yẹn ò ní kún bọ̀rọ̀, ojú wáyà ẹ̀ sì ṣe pàtàkì fẹ́ni tí ráútà ẹ̀ wà nítòsí TV, torí wáyà ò mọ ògiri, Wi-Fi ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n $100 o! Wọn ò sì fi wáyà HDMI sínú páálí, ẹ máa ra ìyẹn lọ́tọ̀. Ẹni tó ní Starlink tàbí ráútà 5G tó dúró ṣinṣin, tí iná ẹ̀ náà dúró, mi ò ní bá a jiyàn. Ẹni tó ń fi hótísípọ́ọ̀tì fóònù wo TV, owó ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ohun tó máa rí.

Xiaomi

Mi ò ní pẹ́ níbí torí pé Google TV kan náà ló wà nínú ẹ̀. Xiaomi TV Box S ìran kejì jáde ní 2023, 2GB àti 8GB, 4K ni, Netflix mọ̀ ọ́n. Ohun tó fi dùn ju gbogbo stick lọ ni ojú USB tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ ki fáláàṣì sí i, ẹ ṣí VLC, áàpù tó ń gbé fídíò, fíìmù ti bẹ̀rẹ̀, dátà kọ́bọ̀ kan ò jáde. Ẹ̀gbọ́n Pánṣẹ́kẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èyí ni mo ní kí wọ́n gbé, torí wọ́n ní ọmọ kan ní FUNAAB tó máa ń kó fíìmù sórí fáláàṣì bọ̀ wálé ní wíkẹ́ńdì. Fire Stick náà lè gba fáláàṣì, àmọ́ ẹ máa wá wáyà OTG tó lẹ́nu méjì, kẹ́ ẹ fi ṣájà sí ẹnu kan, fáláàṣì sí ìkejì, ó máa rí jálajàla lẹ́yìn TV.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi Mi TV Stick ti 2020 rọ́pò fún yín, 1GB ni RAM ẹ̀, 1080p ni, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Apple TV 4K, àti Roku

Ti 2022 ni mò ń sọ, nígbà tó jáde, $129 fún 64GB, $149 fún 128GB tó ní ojú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Tẹ́ ẹ bá béèrè pé èwo ló sáré jù nínú gbogbo wọn, òun ni, A15 tó wà nínú iPhone 13 ló wà níbẹ̀, kò ní ìpolówó gàgàrà lójú ìwé àkọ́kọ́. Kò ní AV1 inú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ òun ló wọ́n jù! Tí gbogbo ilé yín bá ń lo iPhone tí owó ò sì jẹ́ ìṣòro, ẹ rà á. Èmi ò ní irú ìṣòro yẹn.

Roku, àwọn ará Amẹ́ríkà ló máa ń gbé e bọ̀ bí ẹ̀bùn. Orúkọ ẹ̀ túmọ̀ sí ẹẹ́fà lédè Japan, iléeṣẹ́ kẹfà tí ẹni tó dá a sílẹ̀ dá nìyẹn. Ó rọrùn láti lò gan-an, ṣùgbọ́n áàpù inú ẹ̀ ń tẹ̀ lé orílẹ̀-èdè tí àkáǹtì yín wà, ẹ ò sì lè gbé APK, ìyẹn áàpù Android láti ìta, sí i. Tí wọ́n bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ ẹ dúpẹ́, ẹ lò ó fún YouTube. Ẹ má fi owó yín wá a kiri.

Bọ́ksì olówó pọ́ọ́kú

Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀, èmi á sọ ọ́. Àwọn bọ́ksì tó ń jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà, tí wọ́n fi iná aláràbarà yí lára ká, Android fóònù ni wọ́n dà sínú púpọ̀ nínú wọn, kì í ṣe Android TV. Ohun tí mo ṣàlàyé nípa L3 lókè, wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ ó rí Netflix tó jẹ́ ti fóònù, rimóòtù ò ní lè darí ẹ̀, ẹ máa wá máọ̀sì ra.

Ìyẹn ṣì kéré. Ohun tó bá mi lóru yẹn, nígbà tí mo wá kà á ni mo mọ̀ pé orúkọ wà fún irú ẹ̀, BADBOX ni wọ́n ń pè é. Láti ilé tí wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ kan ni wọ́n ti ń ki ọlọ́ṣà sínú wọn, kẹ́ ẹ tó rà á, kẹ́ ẹ tó so ó, ó ti wà ńbẹ̀. Tó bá ti wọ íntánẹ́ẹ̀tì yín, á máa yá àwọn ẹlòmíì ní íńtánẹ́ẹ̀tì náà láti fi ṣe jìbìtì, á máa tẹ ìpolówó ní kọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ sanwó dátà, orúkọ yín ló wà lójú ọ̀nà. June 2025 ni FBI kìlọ̀ nípa ìkejì ẹ̀, BADBOX 2.0, oṣù tó tẹ̀ lé e Google gbé àwọn tó wà nídìí ẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ní New York, wọ́n ní ẹ̀rọ tó ti kó àrùn ọ̀hún lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun gan-an ló wà nínú bọ́ksì tèmi, bí mo ṣe yọ ọ́ tí iná ráútà fara balẹ̀ ni mo mọ̀, ìyẹn sì tó mi.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù: ẹ ní kó so ó mọ́ TV lójú yín. Tó bá tàn, ṣé Google TV tàbí Android TV ló kọ? Ẹ lọ sínú Play Store, ẹ wá ibi About, ó yẹ kó sọ fún yín níbẹ̀ pé wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà. Tó bá ní ẹ kọ́kọ́ pa Play Protect, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ tí Google fi ń ṣọ́ áàpù, kó tó lè ṣiṣẹ́, tàbí tí ọjà áàpù tí orúkọ ẹ̀ ò jọ nǹkan ló wà níbẹ̀, ẹ dìde. Tí ọlọ́jà bá ní gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì ayé wà níbẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ẹ tètè dìde.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti máa ń rí wọn lò láìbínú ni TV àtijọ́ tí ò ní HDMI, tó jẹ́ ojú mẹ́ta, pupa, funfun àti yẹ́lò, torí pé púpọ̀ nínú bọ́ksì yìí ní ojú AV. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó bẹ́ẹ̀, ẹ má fún un ní páásíwọọ̀dù Wi-Fi láéláé, fáláàṣì nìkan ni kẹ́ ẹ máa fi bọ́ ọ.

Ta ni kó mú èwo

Ilé tó jẹ́ pé YouTube ni wọ́n ń wò jù, tí dátà ń bọ̀ láti inú MiFi tàbí fóònù, tí àgbàlagbà ló ń di rimóòtù mú: Fire TV Stick 4K, kì í ṣe HD, kì í ṣe Select, kẹ́ ẹ sì ṣètò Data Monitoring lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má dúró dọ̀la. 4K Max, tí àyè 16GB bá ṣe pàtàkì sí yín nìkan.

Ẹni tí dátà ẹ̀ máa ń tán kí oṣù tó dé ìdajì, tó ní fíìmù lórí fáláàṣì, tàbí tó nílò áàpù inú Play Store: Xiaomi TV Box S ìran kejì. Èyí náà ni mo máa fún àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n jọ ń gbé họ́sítẹ̀lì, kí wọ́n dáwó rà á.

Ẹni tó ní Starlink, TV ńlá tó jẹ́ 4K gidi, ínfátà tàbí sólà tí kì í já a kulẹ̀: Google TV Streamer, kó fi wáyà so ó mọ́ ráútà. Ẹ wo ojú HDMI TV náà kẹ́ ẹ tó sanwó o, ó gbọ́dọ̀ gba HDCP 2.2 (ààbò tí wọ́n fi ń ṣọ́ fídíò 4K), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ 4K ò ní jáde, àfi HD. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ará iPhone, kó mú Apple.

Ẹni tí owó ẹ̀ ò tíì ká ọ̀kankan nínú àwọn yìí, kó má lọ ra bọ́ksì oníná aláràbarà. Kó ra wáyà HDMI kan, kó yá láàpútọ́ọ̀pù lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀ ní Saturday, kó so ó mọ́ TV, fíìmù á lọ. Bọ́ksì tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ kíṣìnì títí dòní, ìyá mi ní kí n má jù ú nù, owó ni wọ́n fi rà á, wọ́n ti yọ wáyà HDMI ẹ̀ fún Fire Stick kí wọ́n tó wá rí i pé Fire Stick ò lo wáyà.